Kòlẹ́sẹ̀ Ọ̀sẹ̀ Tó Kọjá Ti Tó: Ẹ Gbé Irin Gbígbóná Kúrò Lórí Wa

Àpá kan wà létí ọ̀tún àbúrò mi obìnrin. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n láti oṣù Keje ọdún tó kọjá ni kò ti pa rẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Kì í ṣe omi gbígbóná ló dà sí i lára, kì í sì í ṣe orí ọ̀kadà ló ti ṣubú. Irin tí wọ́n fi ń na irun ló jó o. Iléèwé rẹ̀ ń ṣe ọjọ́ ìdágbére fún àwọn tó ń jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí sọ pé kí irun gbogbo ọmọbìnrin nà dáadáa, kí ó sì wà nílẹ̀, nítorí fọ́tò. Màámi san ₦3,000 ní ṣọ́ọ̀bù onírun kan. Wọ́n tún ra òògùn tí a fi pa ojú iná náà, ₦700.

Mo ní ₦3,700 yẹn kò yẹ kó kúrò lápò màámi rárá. Ohun tí wọ́n gbé ọmọ lọ wá ní ṣọ́ọ̀bù ti wà lórí ọmọ náà kó tó kúrò nílé. Kòlẹ́sẹ̀ ni mo dì fún un ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú. Ká ní wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sí i lálẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, kí wọ́n sì fi ọwọ́ tú u láàárọ̀, irun rẹ̀ ìbá nà dé ọrùn, ìbá sì máa tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbì omi. Wọ́n wá tú kòlẹ́sẹ̀ náà, wọ́n fọ irun tó ti nà títí tó fi padà ká jọ, wọ́n wá gbé iná lé e kó lè nà. Ẹ jọ̀ọ́, irú iṣẹ́ wo nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi fà. Ní àgbègbè wa, láti abẹ́ bíríìjì Ṣàngó títí dé ọ̀nà Ìdírókò, kò sí ọmọbìnrin iléèwé girama tí kì í dirun, àfi níbi tí wọ́n bá ti ní kí a gé e mọ́lẹ̀. Òfin ni. Wọ́n á kọ irú irun ọ̀sẹ̀ náà sára bọ́ọ̀dù: ṣùkú lọ́sẹ̀ yìí, kòlẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, olùkọ́ ti dúró lẹ́nu géètì tó ń wo orí wa. Ó dáa. Mi ò bá òfin yẹn jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi agbára mú wa dirun ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, ẹ ti fún wa ní irun onígbì lọ́fẹ̀ẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Kí ló wá dé tí ọjọ́ àríyá bá dé tí ẹ ń lé wa lọ sídìí iná?

Ẹ má rò pé àdììtú kan ni mo ń sọ. Nínú iṣẹ́ kẹ́mísìrì SS2 ni mo ti rí ìdáhùn rẹ̀. Kẹ́ratíìnì ni èròjà tí irun fi wà, òun náà ló wà nínú èékánná. Àwọn fọ́nrán kẹ́ratíìnì yìí di ara wọn mú lóríṣiríṣi ọ̀nà, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni ìsopọ̀ háídírójìn. Ìsopọ̀ yìí kò le; omi lásán ń tú u. Bí irun bá tún ti gbẹ, ìsopọ̀ náà á tún so, ibi tí irun bá sì wà nígbà tó ń gbẹ ni yóò dúró sí. Tí ó bá gbẹ nínú ìdì, yóò gba àwòrán ìdì. Tí omi bá tún kàn án, yóò padà sí bó ṣe wà látọ̀run. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Irin gbígbóná náà ń tú ìsopọ̀ yìí, kò sì dúró síbẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé omi ń hó ní 100 °C. Irin ìnàrun lè gbóná kọjá 200 °C. Bí omi bá ṣẹ́kù sínú fọ́nrán irun nígbà tí irin náà kàn án, omi ọ̀hún á hó nínú irun, á wú, á sì lu ihò sínú fọ́nrán náà. Ìró ṣììì tí a ń gbọ́, tí àwọn kan ń pè ní àmì pé irin ti mú, omi àti òróró orí wa ló ń hó níbẹ̀. Irun tó ti jáde kúrò nínú awọ orí kò sì ní ẹ̀mí, kò lè wo ara rẹ̀ sàn. Etí àbúrò mi ti jinná. Irun tó jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí náà kò jinná. Ńṣe ni a fi síṣọ́ọ̀sì gé e.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa sọ pé àwọn náà ti gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n rí fídíò ọmọ òyìnbó kan lórí fóònù, ó di irun rẹ̀ ní méjì, ó sùn, ó jí, irun rẹ̀ ti ká. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, tiwọn kò jọ ọ́, wọ́n ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́. Irun tọ̀hún nà tẹ́lẹ̀, ìdì ló ń ká a. Tiwa ká tẹ́lẹ̀, ìdì ló ń nà án. Ìdì kan náà ni, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe lórí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí o bá di irun tìrẹ ní méjì, àárín rẹ̀ kò ní gbẹ mọ́jú, ìdí rẹ̀ kò sì ní nà. Ẹni tó bá fẹ́ wo ara rẹ̀ nínú dígí olórí yóò kàn máa bínú sí orí tirẹ̀ ni.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo ń ta. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí a bá dé láti iléèwé, màá fọ irun mi, màá sì jẹ́ kó gbẹ títí tí omi kò fi ní kán mọ́, ṣùgbọ́n tí ó ṣì tutù lọ́wọ́. Màá fi òrí díẹ̀ ra àtẹ́lẹwọ́, díẹ̀ ni o, torí bó bá pọ̀ irun á lẹ̀ pọ̀ kò sì ní gbẹ. Màá pín in sí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Bí ìdì bá ṣe kéré sí ni ìgbì yóò ṣe wẹ́ sí. Ìdì ńlá, ìgbì ńlá. Màá na ìdí rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, torí ìdí tí kò bá nà ni yóò wú bí fùlùfúlù láàárọ̀ tí ṣóńṣó rẹ̀ á wá fẹ́lẹ́. Màá ká ṣóńṣó rẹ̀ mọ́ bébà kékeré tàbí aṣọ, kó má bàa dúró gan-an bí ìrù eku. Màá fi síkáàfù tó ń yọ̀ wé e, màá sùn.

Ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́ ni ìkánjú. Bó bá ku omi bín-ń-tín nínú ìdì nígbà tí o tú u, kí o tó dé ojú títì, ó ti padà ká. Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo rò pé onídìrí ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Fi òróró àgbọn ra ìka, tú u láti ìsàlẹ̀ wá sókè, má fi òòyà kàn án rárá. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, má tún gbogbo rẹ̀ ṣe: di í ní mẹ́rin ńlá láìlo omi, wé e, ó tún di àárọ̀. Báyìí ni tèmi ṣe ń pẹ́ di alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí mo bá tún fẹ́ dì irun iléèwé. Bó bá jẹ́ pé gígùn lo fẹ́ tí o kò fẹ́ ìgbì, òwú ni kí o lò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí òwú, torí òun ni a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ìyá àgbà mi ní Adó-Odò ló kó irun òwú fún mi nígbà ìsinmi. Òwú dúdú lásán ni, èyí tí owó rẹ̀ kò tó owó bisikíìtì. Wọ́n mú irun díẹ̀, wọ́n fi òwú wé e láti ìdí dé ṣóńṣó, wọ́n sì ń fà á jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe ń wé e. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni a tú u. Mi ò mọ̀ pé irun mi gùn tó bẹ́ẹ̀! Kò sí irin tó nà án tó báyẹn rí, n ò sì gbọ́ òórùn ohun tó jó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta tí òwú náà fi wà lórí mi, ọmọ kíláàsì mi kan tó rí mi ní ọjà Ṣàngó pè mí ní ará oko. Ó fi irun àtọwọ́dá bo orí tirẹ̀.

Ará oko. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ará oko náà. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà ní Ọ̀tà wa níhìn-ín, àwọn agbẹ́gilére sì ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ irun dídì àwọn obìnrin sórí àwọn ère tí wọ́n ń gbé lé orí, ìlà kọ̀ọ̀kan hàn kedere. Ọdún 2008 ni UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ṣàngó tí ìlú wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àwọn ẹlẹ́gùn rẹ̀ ọkùnrin a máa dirun bí obìnrin. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun àwọn obìnrin wa ní 1968, ó sì ya tó ẹgbẹ̀rún kan kó tó kú ní 2014. Irun òwú kún inú wọn fọ́fọ́. Àwọn èèyàn ń sanwó láti lọ wo àwọn fọ́tò náà lára ògiri ní ìlú òyìnbó. Irin gbígbóná ńkọ́? Ní ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí ọdún 1872 ni Marcel Grateau ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin gbígbóná tẹ irun àwọn obìnrin ibẹ̀ kó lè rí bí ìgbì. Ìgbì kan náà tí kòlẹ́sẹ̀ ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń fi iná wá. Èwo wá ni ọ̀làjú níbẹ̀?

Mo mọ ohun tí àwọn ìyá máa sọ. Wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní àkókò?" Òtítọ́ ni. Màámi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè àwọn fákítìrì, tí wọ́n bá wà ní ṣíífù alẹ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń wọlé. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni wá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé àbúrò mi lọ, wọ́n jókòó fún wákàtí mẹ́ta: èrò pọ̀, iná lọ, wọ́n wá epo sí jẹnẹrétọ̀. Irun mẹ́jọ kì í gbà mí ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, ìyókù rẹ̀, oorun ló ń bá mi ṣe é. Màámi fúnra wọn ni mo fi ń ṣe ẹ̀rí. Níbi iṣẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí irun wà nílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ, gbogbo wọn ló ń dé àwọ̀n. Ìdì mẹ́fà ló máa ń wà lábẹ́ àwọ̀n màámi láti ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n bá tú u lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ẹgbẹ́ wọn á máa bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ṣe é.

Àwọn onírun ńkọ́? Olùkọ́ mi kan bi mí ní ìbéèrè yìí, kò sì rọrùn fún mi láti dáhùn, torí ìyá ọ̀rẹ́ mi wà nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí mo rí ni pé a ń fi ìyà jẹ àwọn onírun pẹ̀lú. Ẹ wo bí a ṣe ń sanwó: obìnrin kan á dúró fún wákàtí méjì, á fi ìka mẹ́wàá rẹ̀ di ṣùkú tó gún régé, a ó fún un ní ₦500, a ó tún bẹ̀ ẹ́ kó gba ₦400. Ṣùgbọ́n bó bá ki irin bọ iná, a ó san ₦3,000 láìjanpata. Àwa la kọ́ wọn pé iná níye lórí ju ọwọ́ lọ. Ẹ san owó ìdìrí bó ṣe yẹ, kí ẹ wo iye onírun tí yóò gbé irin jù sílẹ̀. Ọwọ́ kì í jẹ epo jẹnẹrétọ̀.

Mi ò sọ pé dídì kò ní àléébù. Mo ti rí ọmọ kíláàsì kékeré tí irun iwájú rẹ̀ ti ká sẹ́yìn bíi ti bàbá arúgbó, tí kókó kéékèèké sì yọ sí etí irun rẹ̀ nítorí pé wọ́n fà á le jù. Irun tí a bá ń fà bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè já láti ìdí, kó má sì hù mọ́. Bí ojú ọmọ bá na sókè lẹ́yìn tí ẹ dirun fún un tán, ẹ tú u. Òjò náà kò fẹ́ràn irun onígbì. Ní oṣù Kẹfà àti Keje, mo ti fi àárọ̀ kan ṣe irun tí òjò Ìyànà Ìyesí fi ìṣẹ́jú márùn-ún bà jẹ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Àmọ́ òjò náà kò fi àpá sílẹ̀ létí mi.

Àwọn mìíràn ní bí iná bá burú, kí a kúkú lo relaxer. Rárá o. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tó tẹ̀ lé obìnrin 33,497 fún ọ̀pọ̀ ọdún gbé èsì wọn jáde: jẹjẹrẹ ilé ọmọ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń lo èròjà tó ń na irun ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún ju bó ṣe wà láàárín àwọn tí kì í lò ó lọ. Wọn kò sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá lò ó ni yóò ní in, èmi náà kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá? Nítorí fọ́tò?

Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti fẹ́ parí rẹ̀, torí ìwé yín ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, àwọn ọmọbìnrin Pretoria High School for Girls ní Gúúsù Áfíríkà fi ẹ̀hónú hàn lórí bí iléèwé wọn ṣe ń ṣe sí irun àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí gbogbo ayé. Àwa kò ní láti ṣe ìwọ́de. Gbólóhùn kan péré ni kí ẹ yí padà. Níbi tí ẹ kọ ọ́ sí pé kí irun nà, ẹ kọ ọ́ pé kí irun mọ́, kí ó sì gún. Ẹni tó bá dì í, ó gún. Ẹni tó fi òwú kó o, ó gún. Ẹni tó tú ìdì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà tó ń tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ, ó gún. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní ₦3,000 á lè wá. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan kò wá. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Àbúrò mi ní ara rẹ̀ yá, irun ni kò ṣe.

Ọdún tó ń bọ̀ ni kíláàsì tèmi máa ṣe ọjọ́ ìdágbére. Mo ti sọ fún màámi pé kí wọ́n má tọ́jú owó irun kankan dè mí. Ìdì mẹ́wàá ni mo máa gbé sùn mọ́jú ọjọ́ náà, àbúrò mi ló sì máa tú èyí tó wà ní ìpàkọ́ fún mi, torí ọwọ́ mi kò dé ibẹ̀ dáadáa. Ó ti ń fi irun bèbí rẹ̀ kọ́ṣẹ́.